Ìka Àárín Tó Ń Wú: Bí Ìbọn Tí Kò Bá Ara Mu Ṣe Fẹ́ Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Aránṣọ Kan

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì, tí òtútù mú gan-an, ni Màmá wọlé wá bá mi ní pápá ìyìnbọn tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi gbé àpò ìbọn wọn. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń lò, nítorí náà mo ti fura kí n tó kí wọn tán. Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wò ó. Ṣé ọwọ́ tí mo fi ń jẹun nìyí?"

Oríkèé ìka àárín ti wú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti dúdú. Ní ìdí àtàǹpàkò, níbi tí awọ ti so ó pọ̀ mọ́ ìka ìtọ́ka, ilà pupa kan wà bí ẹni pé nǹkan ha á. Ibì kẹta kò ní àmì kankan, ṣùgbọ́n òun ló bà mí lẹ́rù jù. Mo kàn fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọwọ́ wọn, lápá àtàǹpàkò, wọ́n sì já ọwọ́ gbà kíá.

Màmá ti gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹni ọdún 61 ni wọ́n. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ránṣọ ní Peckham, ìró àti bùbá, aṣọ ẹbí, agbádá ọkọ ìyàwó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ìlú tí ìtàn sọ pé ọdẹ ló tẹ̀ ẹ́ dó, ọdẹ sì ni bàbá wọn náà. Ní kékeré, àwọn ló máa ń bá bàbá gbé àpò dé ẹ̀yìn ilé, wọ́n mọ òórùn ẹ̀tù, wọ́n mọ ìjálá dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ìbọn lé ọmọbìnrin lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pé ọgọ́ta ọdún ni ọmọ wọn obìnrin sanwó ẹ̀kọ́ ìyìnbọn ọjọ́ kan fún wọn. Ọjọ́ kan yẹn ló di gbogbo Sátidé. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kan àpótí irin mọ́ ògiri nílé, wọ́n sì ra ìbọn àlòkù kan lọ́wọ́ ẹnì kan.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré yìí: ẹ̀rọ ló ń ju àwo kékeré kan sókè, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 110, ìwọ náà á sì yìnbọn lù ú nínú afẹ́fẹ́ kó fọ́. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni ẹyẹlé amọ̀. Kì í ṣe amọ̀ rárá, ọ̀dà àti òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n pò pọ̀. Ẹyẹlé gidi ni wọ́n ń tú sílẹ̀ nígbà kan rí. Òfin fi òpin sí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1921, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò lọ. Nínú irú eré yìí, ènìyàn lè yìnbọn ní ìgbà 50 tàbí 100 láàárọ̀ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí iṣẹ́ ọdẹ wà. Bàbá Màmá lè lo òru mọ́jú nínú igbó kó má yìn ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ohun tí ọwọ́ lè fara dà lẹ́ẹ̀mejì, kò lè fara dà á nígbà 50.

Àádọ́ta ni Màmá ń yìn ní gbogbo Sátidé. Láàárín oṣù mẹ́ta, ìka wọn ti ń wú. Nígbà tí wọ́n sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń yìnbọn, ọ̀kan ní, "Ó máa mọ́ yín lára." Èkejì ní kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Ẹ̀kẹta ní wọn kò di ìbọn mú dáadáa tó, kí wọ́n fún un pinpin. Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ náà sì ń burú sí i. Níjọ́ tí wọ́n wá bá mi, ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá tí wọn kò fi lè fi sísọ́ọ̀sì gé léèsì. Ọmọ iṣẹ́ ló ń bá wọn gé e.

Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ "ó máa mọ́ ọ lára" yẹn. Mo ti gbọ́ ọ púpọ̀, àwọn tí wọ́n sì máa ń sọ ọ́ fún jù ni obìnrin àti àgbàlagbà, bí ẹni pé ara wọn ni kò lágbára tó. Ìrora ọwọ́ kì í ṣe owó orí tí ẹni tó fẹ́ yìnbọn gbọ́dọ̀ san. Tí ìbọn bá bá ara rẹ mu, èjìká ni yóò gba ìtàpá rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń ta padà sẹ́yìn nígbà tó bá dún, èjìká sì gbòòrò, ó lẹ́ran. Tí ọwọ́ bá ń gbà á, ohun kan wà tí kò tọ́, ibi tó ń dùn gan-an ni yóò sì júwe ohun náà fún ọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo ní kí wọ́n má yìnbọn lọ́jọ́ náà. Ìka tó wú, tó dúdú, lè jẹ́ egungun tó sán, èmi kì í sì ṣe dókítà. Wọ́n lọ, wọ́n ya àwòrán egungun, kò sí ohun tó sán. Ṣùgbọ́n dókítà ní kí wọ́n ká àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n fi ìka yòókù bò ó, kí wọ́n wá tẹ ọrùn ọwọ́ sápá ìka kékeré. Màmá pariwo. Àìsàn tí oníṣègùn ọmọ Switzerland tó ń jẹ́ Fritz de Quervain kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1895 ni: iṣan méjì tó ń gbé àtàǹpàkò gba inú ihò tóóró kan kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọwọ́, tí ibẹ̀ bá wú, iṣan kò ní lè lọ kó bọ̀ geerege mọ́. Wọ́n fún wọn ní ohun tí wọ́n fi ń de àtàǹpàkò kó má yí kiri, wọ́n ní kí wọ́n sinmi, kí wọ́n máa fi yìnyín tí wọ́n wé sínú aṣọ lé e. Dókítà bi wọ́n bóyá ìka máa ń kú tipiri lóru. Wọ́n ní rárá. Ìyẹn dára, nítorí ìka tó ń kú lóru ń tọ́ka sí ìṣòro mìíràn, èyí tó jẹ́ pé iṣan ìmọ̀lára ló há ní ọrùn ọwọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn kò fi yìnbọn. Ìbọn ni èmi àti wọn fi àsìkò yẹn yẹ̀ wò.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì, irú èyí tí a ń pè ní 12. Ìtumọ̀ nọ́ńbà yẹn ni pé tí o bá fi òjé rọ bọ́ọ̀lù tó wọ ẹnu ìbọn náà rẹ́gí, méjìlá irú rẹ̀ ni yóò wọn pọ́n-ùn kan. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n: kílò 2.9. Ìbọn tó fúyẹ́ tó báyẹn dùn ún gbé rìn nínú oko látàárọ̀, àwọn tó ń ṣọdẹ ẹyẹ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ fún ẹni tó fẹ́ dúró lójú kan kó yìn ín nígbà 50. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí Màmá fa tépù ìránṣọ wọn yọ. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n wọn ìbọn náà fúnra wọn, láti tírígà dé ẹ̀yìn ìdí igi tó ń fara ti èjìká: íǹṣì 13.

Obìnrin gíga ni Màmá, apá wọn gùn. Ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n ń ṣe fún àgbàlagbà máa ń sún mọ́ íǹṣì 14 àbọ̀. Nígbà tí a yọ rọ́bà ìdí rẹ̀ kúrò, a rí i pé ẹnì kan ti fi ayùn gé igi náà kúrú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tó tà á kò sọ ọ́. Màmá wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e pẹ́, wọ́n ní, "Bùbá ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n tà fún mi, tí mo sì ń há ara mi sínú rẹ̀." Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ tó yóò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà la wá wo bí ìtàpá ṣe ń dé ìka. Mo ṣí ìbọn, àwa méjèèjì wo inú rẹ̀, ó ṣófo. Mo fi kátíríìjì òfìfo tí a fi ń dánra wò, tí kò ní ẹ̀tù tàbí ọta nínú, sí i. Wọ́n dojú ìbọn kọ pápá, wọ́n gbé e sí èjìká bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Èmi dúró ní ẹ̀gbẹ́, mi ò dúró níwájú ẹnu ìbọn rárá, mo di ọ̀pá rẹ̀ mú, mo sì tì í sẹ́yìn lójijì. Mo fẹ́ mọ ibi tí irin rògòdò tó yí tírígà ká máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ojú mi kò yára tó láti rí i. Màmá ní, "Dúró." Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ aláwọ̀ búlúù nínú àpò wọn, wọ́n fi kun ẹ̀yìn irin náà. Mo tún tì í. Nígbà tí wọ́n ṣí ọwọ́, àmì búlúù wà lórí oríkèé ìka àárín, níbi tó wú gan-an. A kun ọwọ́ irin tí a fi ń ṣí ìbọn, èyí tó wà lókè lẹ́yìn ọ̀pá. Òun náà fi àmì tirẹ̀ sí ìdí àtàǹpàkò, lórí ilà pupa yẹn. Láti ìgbà náà, èmi náà kì í gbé àpò jáde láìní ṣọ́ọ̀kì nínú rẹ̀.

Ó wá hàn pé ìrora mẹ́ta tí ó jọ pé ó jẹ́ ọ̀kan ní orísun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ti ìka àárín, igi tó kúrú ló fà á. Tí igi bá kúrú fún apá gígùn, ọwọ́ ọ̀tún yóò rọ́ síwájú títí ìka àárín yóò fi sùn mọ́ ẹ̀yìn irin rògòdò. Màmá sì tún ń fi oríkèé ìka ìtọ́ka fa tírígà dípò orí ìka, ìyẹn sì tún ń fa gbogbo ọwọ́ sún síwájú sí i. Ìbọn kò sì fara mọ́ èjìká: nítorí pé ó ti dùn wọ́n rí, wọ́n ń tì í síwájú díẹ̀ kúrò lára, àlàfo kékeré wà láàárín. Àlàfo yẹn ló burú jù. Agbára tí ọta fi ń jáde síwájú, òun náà ló fi ń ti ìbọn sẹ́yìn. Tí èjìká bá ti wà níbẹ̀, àti ìbọn àti ara ni yóò jọ sún. Tí àlàfo bá wà, ìbọn nìkan ni yóò kọ́kọ́ sáré, ohun tó sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀ kó tó kan èjìká ni ìka ọwọ́. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn wá jẹ àyè tó kù láàárín ìka àti irin. Ìdí nìyẹn tó fi burú sí i nígbà tí wọ́n wọ̀ ọ́.

Ti ìdí àtàǹpàkò rọrùn. Wọ́n ń na àtàǹpàkò sórí igi gbọọrọ, sẹ́yìn ọwọ́ irin náà gan-an. Kí wọ́n kàn gbé e kọjá sápá òsì, kó yí ọrùn igi ká, ó parí.

Ti ọrùn ọwọ́ ni mo fi ọjọ́ púpọ̀ ronú lé lórí. Ìtàpá kò lù ú ní tààràtà. Fífún pinpin ni. Ẹni tó ń bẹ̀rù ìtàpá yóò fi gbogbo agbára fún ìbọn, iṣan ìdí àtàǹpàkò ló sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọwọ́ wọn sì tún tẹ̀ nítorí igi tó kúrú. Bí wọ́n bá kúrò lórí ìbọn, sísọ́ọ̀sì ni, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, iṣan kan náà. Ariwo wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú: ohun ìdítí olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń lò, gbogbo ìró ìbọn ń dé etí, ara sì máa ń le gbagidi ṣáájú ariwo. Mo ní kí wọ́n fi rọ́bà kékeré sínú ihò etí, kí wọ́n sì tún fi èyí tó bo etí ká lé e lórí.

Ìbọn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn. Ó fi igi kékeré kan sí ìdí rẹ̀ àti rọ́bà rírọ̀ tó nípọn tó íǹṣì kan, ó di íǹṣì 14 àti ìdámẹ́rin. Ó fi òjé díẹ̀ sínú ihò ìdí igi, ìwọ̀n rẹ̀ gòkè dé kílò 3.1. Ìbọn tó wúwo máa ń lọ́ra sún sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ti kẹ̀kẹ́ òfìfo àti kẹ̀kẹ́ tó kún rí mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n kátíríìjì ló yí nǹkan padà jù, owó rẹ̀ sì ló kéré jù. Oníjíráàmù 28 tó yára ni Màmá ń rà, ìyẹn ìwọ̀n ọta tó wà nínú kátíríìjì kan. Mo ní kí wọ́n bọ́ sí jíráàmù 21 tí kò yára púpọ̀. Jíráàmù 21 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti 28. Agbára tí ìbọn fi ń padà sẹ́yìn kì í dín kù bí ìwọ̀n ọta ṣe dín kù nìkan, ìlọ́po ara rẹ̀ ni a ń ṣírò: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ́nà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyẹn 9 nínú 16. Tí o bá ro jíráàmù 200 tí a fi kún ìbọn mọ́ ọn, ó sún mọ́ ìdajì ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé kátíríìjì kékeré kò lè fọ́ àwo. Ó ń fọ́ ọ tí o bá bá a. Ẹni tó ń bẹ̀rù ìbọn rẹ̀ ni kì í bá nǹkan kan.

Ọjọ́ tí wọ́n padà wá yìn, kátíríìjì mẹ́wàá péré la fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n mú ọrùn igi bí ẹni tó mú ọwọ́ ọmọ sọdá títì: kò gbọ́dọ̀ yọ, kò sì gbọ́dọ̀ dun ọmọ. Kí ọwọ́ òsì tó wà níwájú máa fa ìbọn mọ́ èjìká díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo ẹrù má jẹ́ ti ọ̀tún. Kí wọ́n gbé ìbọn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ìdí rẹ̀ wọ kòtò èjìká kó sì jókòó, kí ọ̀rọ̀ fífa tírígà tó wáyé. Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní bàbá àwọn máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ṣakabùlà: kí ìdí ìbọn sùn sí èjìká bí ọmọ jòjòló. Wọn kò rántí rẹ̀ títí di ìṣẹ́jú yẹn.

Mo da kátíríìjì òfìfo méjì mọ́ àwọn gidi láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó kàn. Nígbà tó kan òfìfo, ìbọn kò dún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ já wálẹ̀, ọwọ́ sì fún pọ̀. Ẹ̀rù ni ìyẹn, ara kò tíì gbà pé nǹkan ti yàtọ̀. Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ lé e lórí púpọ̀. A ń ṣe é lọ títí di ọ̀sẹ̀ kejì, títí tí òfìfo fi kàn tí ẹnu ìbọn kò mì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin la ṣubú. Mo wà ní ìrìn-àjò. Màmá lọ sí pápá mìíràn pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, kátíríìjì wọn tán, ẹnì kan yá wọn ní jíráàmù 28, ayọ̀ sì mú wọn, wọ́n yìn ín dé 40. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n pè mí, ohùn wọn rẹlẹ̀. Ìka kò wú, igi tó gùn ti gba ìyẹn là, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ ti padà dé. Mo dá ara mi lẹ́bi. Mo ti sọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ yìn, mi ò sọ ìdí rẹ̀: pé iṣan tó ń san máa ń dákẹ́ kó tó san tán, àìdùn rẹ̀ kì í sì ṣe àṣẹ pé kí a padà sí bó ti wà. Ọjọ́ mẹ́wàá mìíràn la tún fi sinmi. Lẹ́yìn náà 10, 15, 25, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi Ọjọ́ Àìkú sílẹ̀ láìfọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì.

Ìbọ̀wọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ báyìí, nítorí òtútù. Wọ́n bi mí nípa rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn irin rògòdò yẹn. Ó wúlò fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ìkẹyìn ló yẹ kó jẹ́, lẹ́yìn tí igi bá ti gùn tó, tí ọwọ́ bá ti mọ àyè rẹ̀. Ẹni tó bá fi rọ́bà ṣáájú ń tẹ́ ìrọ̀rí sábẹ́ aṣọ tó fún un.

Ní oṣù Kẹfà, Màmá yìn 25 lójú mi, wọ́n fọ́ 17. Wọ́n ṣí ìbọn, wọ́n gbé e kọ́ apá, wọ́n wo ẹ̀yìn ìka àárín: kò sí búlúù níbẹ̀. Wọ́n fi fọ́tò léèsì kan ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, yáàdì mẹ́wàá, tí wọ́n fúnra wọn gé. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó fi kátíríìjì kankan sí i, wọ́n ṣì máa ń kun irin náà ní ṣọ́ọ̀kì.